Àpò Ìjọba àti Ìbọn Ọmọ Ogun: Ohun Tó Ń Mú Ìjọba Dúró àti Ohun Tó Ń Wó O

Bí ìjọba kan bá wó, èrò rẹpẹtẹ ní ìgboro ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí: àsíá, orin, ère tí wọ́n fi okùn fà lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ìbínú aráàlú ló ń lé ìjọba lọ. Àmọ́ ìbínú ò wọ́n níbì kankan. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí ara ti ń kan àwọn èèyàn wọn fún ogójì ọdún, tí ìjọba wọn ò sì mì. Ibi méjì la fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ máa wò: ìwé ìṣirò owó ìjọba, àti bárékè àwọn ọmọ ogun. Ohun tó sì sábà máa ń ba ibi méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ìfigagbága pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ìjọba ṣe di irú èyí tá a mọ̀ lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1500, ilẹ̀ Yúróòpù kún fún ìjọba kéékèèké: ìlú tó dá dúró, ilẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ìjòyè, ilẹ̀ ọba. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù wọ́n sí 500. Nígbà tó fi máa di 1900, wọn ò ju bíi 25 lọ mọ́. Ogun ló gbé ìyókù mì, ìgboyà nìkan kọ́ ló sì pinnu ẹni tó yè. Ìbọn àgbá ti dé, odi àtijọ́ ò lè gbà á dúró, odi tuntun tó nípọn sì ń gbé owó mì. Ọmọ ogun tí wọ́n ń ṣà jọ lẹ́yìn ìkórè ò tó nǹkan mọ́. Ẹni tó ń gba owó oṣù, tó ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Ọba tó bá máa san owó oṣù yípo ọdún gbọ́dọ̀ ní ìwé tí orúkọ èèyàn àti ìwọ̀n ilẹ̀ wọn wà, agbowó-orí tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ìjòyè kankan, ilé ẹjọ́ tó lè mú ẹni tó bá kọ̀ láti san, àti akọ̀wé tó lè ṣírò gbogbo rẹ̀. Ogun ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ fún. Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gùn ún lẹ́yìn ni.

Prussia, ìjọba ọba kan ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, ni àpẹẹrẹ tó tètè ń yéni. Ní 1723, ọba ibẹ̀, Frederick William Kìíní, da ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ogun pọ̀ mọ́ èyí tó ń bójú tó ilẹ̀ ọba, wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó kú ní 1740, ọmọ ogun tó fi sílẹ̀ tó bíi 80,000 nínú ilẹ̀ tí èèyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì, àpò ìṣúra rẹ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú. Ahun ni wọ́n ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ò pé ọdún kan lórí oyè tó fi gbé owó ahun náà àti ọmọ ogun yẹn lọ gba ẹkùn Silesia lọ́wọ́ Austria.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń jagun ni owó yíyá, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pínyà. Ní 1694, nígbà tí àwọn méjèèjì ń jà, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó £1.2 mílíọ̀nù fún ìjọba wọn ní èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí Báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ya owó orí pàtó, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti ọtí, sọ́tọ̀ fún èlé náà. Àwọn tó ń yáni lówó àtàwọn tó ń ṣòfin sì sábà máa ń jẹ́ ará ilé kan náà. Ta ni yóò dìbò pé kí wọ́n má san gbèsè tí wọ́n jẹ òun fúnra rẹ̀? Ní Faransé, ọba ló jẹ gbèsè, kò sì sí ẹni tó lè pe ọba lẹ́jọ́. Ní 1770, ìjọba rẹ̀ fi ọwọ́ agbára gé nínú ohun tó jẹ àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀, èlé gọbọi ni wọ́n máa ń bù lé e lórí tó bá tún padà wá yá owó. Nígbà tó di ọdún 1780 sí 1789, tá a bá fi ọrọ̀ ilẹ̀ méjèèjì wéra, gbèsè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló wúwo jù. Faransé ni gbèsè wó.

Ìṣirò owó Faransé ti ọdún 1788 rèé: owó tí wọ́n retí tó nǹkan bí 503 mílíọ̀nù livre (owó Faransé ìgbà náà), èyí tí wọ́n fẹ́ ná jẹ́ 629 mílíọ̀nù. Gbèsè nìkan máa kó 318 mílíọ̀nù, ìyẹn ju ìdajì lọ. Gbogbo ìnáwó ààfin, tí wọ́n torí ẹ̀ ń bú ayaba Marie Antoinette kiri, ò ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n tilẹ̀ ti ààfin pa, ihò yẹn ò ní dí. Ogun ọdún 1756 sí 1763 ló kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, ìrànwọ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira, láti 1778, ló wá mú kó jìn sí i, torí pé owó yíyá ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 1786, Calonne tó ń ṣàkóso owó sọ òótọ́ fún ọba: kí àwọn ọlọ́lá àti àlùfáà náà máa san owó ilẹ̀. Oṣù Kejì 1787, wọ́n pe àwọn èèkàn ilẹ̀ náà jọ, wọ́n kọ̀. Oṣù Kẹrin, ọba lé Calonne. Ilé ẹjọ́ gíga Paris náà kọ̀, ó ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní États généraux, tí ẹnì kankan ò pè láti 1614, ló lè fọwọ́ sí owó orí tuntun. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1788, ìjọba dáwọ́ dúró lórí apá kan nínú owó tó yẹ kó san. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀: àwọn ọlọ́lá tó sá fún owó orí ló la ògiri náà. Yìnyín tó ba ọkà jẹ́ ní oṣù Keje 1788 àti búrẹ́dì tó di ọ̀wọ́n gógó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú ihò yẹn ni wọ́n gbà wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1789, èrò tó yí Bastille, odi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀wọ̀n ní Paris, ká ò rí i gbà, àfìgbà tí àwọn ọmọ ogun Garde française tó ti kẹ̀yìn sí ọba gbé ìbọn àgbá dé.

Rọ́ṣíà ló yẹ ká dúró lé lórí, torí pé ọba kan náà, Nicholas Kejì, la ọ̀ràn yìí kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ó yè é nígbà àkọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì gba adé lórí ẹ̀. (Kàlẹ́ńdà àtijọ́ Rọ́ṣíà, tó fi ọjọ́ 13 wà lẹ́yìn tòde òní, la fi ń ka ọjọ́ níbí.)

Lọ́dún 1905, Japan ti ṣẹ́gun rẹ̀ ní Mukden lórí ilẹ̀ àti ní Tsushima lórí omi. Ní oṣù Kìíní, àwọn ọmọ ogun yìnbọn lu òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ààfin. Ní oṣù Kẹwàá, ìyanṣẹ́lódì dá ọkọ̀ ojú irin àti ilé iṣẹ́ dúró káàkiri. Ìbínú wo ló tún kù? Àmọ́ ọba ti bá Japan ṣàdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ó ṣèlérí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìyẹn sì fa ọ̀pọ̀ olówó àti ọ̀mọ̀wé kúrò lẹ́yìn òṣìṣẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Semyonovsky ṣì ń gbọ́ràn: ní oṣù Kejìlá wọ́n fi ìbọn àgbá fọ́ àdúgbò Presnya ní Moscow. Nígbà tó di 1906, àwọn báńkì òkèèrè, tí ti Faransé ṣáájú wọn, yá a ní 2.25 bílíọ̀nù franc. Ojú àánú kọ́ ni Paris fi ṣe é o. Wọ́n ń bẹ̀rù Jámánì, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ ogun Rọ́ṣíà máa ká Jámánì mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Owó yẹn ló jẹ́ kí ọba lè tú ilé ìgbìmọ̀ tó ṣèlérí ká ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà.

Ní 1917, gbogbo òpó wọ̀nyẹn ti yẹ̀. Ogun Jámánì ṣì ń lọ, kò sí àlàáfíà tó lè sá wọ̀. Ìjọba ti fòfin de fódíkà láti 1914, owó fódíkà sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tó ń wọlé fún un kí ogun tó bẹ̀rẹ̀; ó wá ń tẹ owó bébà. Ọkà wà ní gúúsù, ṣùgbọ́n ogun ti gba ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ ọba ti sú àwọn aṣòfin àti ọ̀gágun pàápàá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ tó dáàbò bò ó ní 1905, ọ̀pọ̀ wọn ti kú lójú ogun. Àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tipá kó wọṣẹ́ ló kún bárékè Petrograd, olú ìlú, wọ́n há síbẹ̀ bíi sadíìnì, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn lọ síbi ikú.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ aṣọ yan iṣẹ́ lódì, wọ́n ń béèrè búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ 26, ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Volynsky yìnbọn lu èrò ní gbàgede Znamenskaya, èèyàn sì kú. Títí di ìgbà yẹn, ọba ṣì ń borí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, sájẹ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Timofey Kirpichnikov àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní yìnbọn mọ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tò bí wọ́n ṣe máa ń tò. Ọ̀gá wọn, Lashkevich, wọlé, wọ́n sọ fún un pé àwọn ò jáde. Bó ṣe ń lọ ni ọta ìbọn bá a, ó kú.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ ogun tó bá nìkan kọ àṣẹ, wọ́n á pa á. Bí gbogbo bárékè bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa pa wọ́n. Torí náà, oníkálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe kú tán, ọ̀nà àtipadà ti dí mọ́ àwọn Volynsky, àfi kí wọ́n fa àwọn yòókù wọlé. Wọ́n sáré lọ sí bárékè tó múlé tì wọ́n, wọ́n ń yìnbọn sókè, wọ́n ń pè wọ́n jáde. Kílẹ̀ ọjọ́ 27 tó ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ti yí padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, àwọn ọ̀gágun tó ń darí ojú ogun fi wáyà ránṣẹ́ sí ọba pé kó fi oyè sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

Ní Ìránì, inú kànga epo ni àpò ìjọba wà. Owó epo rọ̀bì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín 1973 sí 1974, Ṣáà, ìyẹn ọba Ìránì, ò nílò owó orí aráàlú, nítorí náà kò ní ohun tó ń bá wọn dúnàá-dúrà lé lórí. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fa epo yẹn ò pọ̀. Nígbà tí wọ́n yanṣẹ́ lódì nígbẹ̀yìn ọdún 1978, epo tó ń jáde já láti nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà àgbá lójúmọ́ sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù méjì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ti ọmọ ogun, Ṣáà ti tò wọ́n kí wọ́n má baà lè dìtẹ̀ gbàjọba: ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà ló ti ń gba àṣẹ. Ó dènà ìdìtẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó kúrò nílùú ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 1979, orí ló kúrò lára ọrùn yẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, àwọn ọ̀gágun kéde pé àwọn ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ìjọba tuntun tí aráàlú gbé dé máa ń rí bí aláìlágbára lójú aládùúgbò. Saddam Hussein, olórí Iraq, rí i pé wọ́n ń lé ọ̀gágun Ìránì dànù, wọ́n ń pa wọ́n, Amẹ́ríkà ò sì ta ohun èlò ọkọ̀ òfuurufú fún wọn mọ́. Ó fa àdéhùn 1975 lórí odò Shatt al-Arab tó wà ní ààlà wọn ya ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1980, ó sì wọ Ìránì ní ọjọ́ 22. Ohun tí kò ṣírò ni pé ìkọlù láti òde máa ń fún irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ní ohun tí kò tíì rí: ìdí láti kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ogun, láti pa alátakò lẹ́nu mọ́, àti láti fi kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Ogun yẹn ló sọ ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Pasdaran di òpó ìjọba. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jà, ààlà ò sì yẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Láti 1945, òfin àgbáyé ti mú kó ṣòro kí orílẹ̀-èdè kan gbé òmíràn mì. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ 51, wọ́n ti di 193. Ní 1964, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Cairo pé ààlà tí wọ́n bá nílẹ̀ nígbà òmìnira làwọn á máa lò. Ìjọba tó rù kan egungun lè wà bẹ́ẹ̀ títí báyìí. Ìjà wá kúrò lórí ààlà, ó di ti ẹni tí yóò jókòó sí olú ìlú àti ẹni tó ni àpò.

Sudan la fi máa parí rẹ̀. Nígbà tí Gúúsù Sudan lọ ní 2011, ó gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo Sudan lọ. Omar al-Bashir, ààrẹ Sudan, tó ń bẹ̀rù ọmọ ogun tirẹ̀, dá ẹgbẹ́ ológun RSF (Rapid Support Forces) sílẹ̀ ní 2013 láti fi dọ́gba wọn. Irú ọgbọ́n tí Ṣáà dá ni, àmọ́ ewu tó wà nínú èyí jùyẹn lọ, torí pé àwọn RSF ní àpò tiwọn: wọ́n gba ibi ìwakùsà wúrà ní Jebel Amer ní 2017, wọ́n sì ń rán ọmọ ogun lọ sí Yemen fún àwọn tó ń sanwó ní Saudi Arabia àti Emirates. Nígbà tí búrẹ́dì wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta ní Atbara, ní oṣù Kejìlá 2018, èrò jáde. Ọmọ ogun àti RSF jọ yọ Bashir ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2019. Wọ́n tún jọ lé àwọn alágbádá kúrò nínú ìjọba ní oṣù Kẹwàá 2021. Àdéhùn oṣù Kejìlá 2022 ní kí wọ́n da ẹgbẹ́ ogun méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn ọmọ ogun ní ọdún méjì ti tó, RSF ní ọdún mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2023, wọ́n kọjú ìbọn síra wọn ní Khartoum. Àdéhùn àlàáfíà yòówù kí wọ́n kọ níbẹ̀ lọ́la, abala tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ ṣí ni èyí tó sọ ẹni tí yóò máa san owó oṣù àwọn ọmọ ogun RSF, inú àpò wo ni owó náà yóò ti máa jáde, àti ọwọ́ ta ni àwọn ibi ìwakùsà wúrà yóò wà.