Gbígbé ọmọ lórí kẹ̀kẹ́ ní Nẹ́dálándì: ohun tó yẹ kí ará Èkìtì mọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete. Fídíò yìí wà fún ẹni tó ń kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Nẹ́dálándì, níbi tí kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, orí ọ̀kadà la ti ń gbé ọmọ: ọ̀kan á wà lórí táǹkì, ọ̀kan á há sáàárín. Ẹ má gbé àṣà yẹn dé ọ̀hún. Òfin wọn ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó tó gbé ẹ̀yìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ró.

Ìjókòó iwájú wà fún ọmọ kìlógíráàmù 9 sí 15. Tẹ̀yìn gbà dé 22. Ẹ wo ara kàríà, wọ́n sáábà máa ń kọ ìwọ̀n tó lè gbé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 25, tí ìjókòó fúnra rẹ̀ wọn 4, ọmọ kìlógíráàmù 22 ti pọ̀ jù. Kàríà á máa fì, nóòtì á máa tú díẹ̀díẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọmọ ló yẹ kó kó ìpayà bá yín jù. Bàtà kékeré lè wọ àárín sípókù, kí ẹ sì tó tẹ bíréèkì, táyà ti lọ́ ọrùn ẹsẹ̀ náà. Ẹ máa de okùn ẹsẹ̀ nígbà gbogbo, kódà bí ibi tí ẹ ń lọ kò jìnnà, kí ẹ sì ra ike tí wọ́n fi ń bo sípókù.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn wọn: ẹ yí pẹ́dálì sẹ́yìn, táyà á dúró. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa yí pẹ́dálì sẹ́yìn lórí ìdagẹ̀rẹ̀ Ẹ̀fọ̀n, ṣe ni kẹ̀kẹ́ á dúró gbagidi mọ́ ọn lábẹ́. Bí ṣéènì bá sì yọ, bíréèkì náà ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní bíréèkì ọwọ́ níwájú, ẹ má fi gbé ọmọ. Kí ẹ tó dúró pátápátá, ẹ jẹ́ kí pẹ́dálì tí ẹ ó fi gbéra wà lókè, torí kò ṣeé yí sẹ́yìn mọ́.

Ẹrù ló ń kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, ọmọ ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá dé, ọmọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Sítáǹdì kò lè gba ọmọ tó ń ta kìjikìji dúró. Ẹ má yọwọ́ lára hándù. Ẹ má sì fi náílọ́ọ̀nù ọjà kọ́ ọ, ó máa ń fì wọ táyà iwájú.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa. Bí ẹ bá rí àwọn àmì onígun mẹ́ta funfun lójú títì tí ṣóńṣó wọn kọjú sí yín, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọjá. Láti ọdún 2019, èèwọ̀ ni kéèyàn mú fóònù lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́.

Kí ọmọ tó gùn ún, ẹ di àpò ìrẹsì kìlógíráàmù 10 mọ́ ìjókòó náà. Ẹ lọ síbi tí kò sí mọ́tò, kí ẹ máa gbéra, kí ẹ máa yà, kí ẹ máa dúró, títí hándù ò fi ní gbọ̀n lọ́wọ́ yín mọ́.