Kí Àlejò Lè Rí Ìlú: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Mú Èèyàn Wo Ibi Mímọ́ ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ máa mú àlejò rìn káàkiri ìlú wa, mo kí yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bá wá. Ohun tó wọ́pọ̀ báyìí ni pé bọ́ọ̀sì á já èrò sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ, wọ́n á gòkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra àdìrẹ ní Ìtòkú, wọ́n á sì gba ilé lọ. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí òkúta, kò rí ìlú.

Ìlú kan ṣoṣo kọ́ ni Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, sì kó wọn wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, ará ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbé orúkọ ìlú rẹ̀, oyè rẹ̀, ilé Ògbóni rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀ dání. Aké, Ìkìjà, Ìtòkò, Ìgbẹ̀in, Ìjẹmọ̀: ìlú ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di àdúgbò. Àwọn Òwu dé bá wọn ní 1834. Wọ́n wá mọ odi amọ̀ yí gbogbo ara wọn ká, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sí ìdí odi náà. Odi kò yí wa ká mọ́, àmọ́ bí ẹ bá ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, inú ìlú kan lẹ ti ń jáde, ìlú mìíràn lẹ sì ń wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í mọ̀gbà tó kọjá ààlà.

Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú òkúta. Èèyàn mẹ́wàá tó fún ẹni kan láti mú lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ní Olúmọ, ẹ má kánjú gòkè. Abẹ́ àpáta ni ìtàn wà. Ẹ mú wọn wọ ibi tí àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àwọn kòtò tí ọlọ àwọn ìyá wa gbẹ́ sára òkúta, níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ nígbà tí wọn kò lè jáde. Bí ẹ bá dé ojúbọ, ẹ kí àwọn ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù síta, kí ẹ sì tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i. Kí apá kan nínú owó tí àlejò san sì dé ọwọ́ àwọn ìyá náà, torí àwọn ló ń pa ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Orò ńkọ́? Ẹ wádìí ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà kí ẹ tó dá ọjọ́ ìrìn. Obìnrin kì í rìn lọ́jọ́ Orò, kò sì yẹ kí ẹ gbowó lọ́wọ́ wọn tán kí wọ́n tó gbọ́.

Láti orí òkè, ẹ nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aké, sí mọ́ṣáláṣí Kobiti, sí odò Ògùn, kí ẹ wá sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ la ó fi débẹ̀. Ní Kobiti, ẹ kàn ṣọ́ra fún àkókò ìrun Jímọ́ọ̀, kí ẹ sì bọ́ bàtà.

Aké gba àkókò. Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, dé ìlú yìí ní oṣù kìíní 1843, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1846 òun àti Ajayi Crowther dé láti máa gbé ibẹ̀. Ní 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn. Gbogbo ìyẹn lẹ ti mọ̀, ẹ sì ń sọ ọ́ dáadáa. Èyí tí ẹ máa ń fò ni Ifọ́lé. Ní oṣù kẹwàá 1867, àwọn ará ìlú ya wọ ilé àwọn míṣọ́nnárì àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù, àwọn òyìnbó sì fi ìlú sílẹ̀. Ìjọba òyìnbó ti gba Èkó ní 1861, ìjà owó ibodè àti ọ̀nà sì wà láàárín Èkó àti Ẹ̀gbá; ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá gbà pé ọ̀kan náà ni míṣọ́nnárì àti ìjọba yẹn. Ẹ sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Àlejò tó gbọ́ bí ọmọ ìyá ṣe jà yóò gba yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá sọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé.

Ẹ má gbàgbé Ìbarà. Ilé Yemọja wà níbẹ̀, odò Ògùn ni odò rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e lọ sí Brazil. Ní Salvador, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń gbé òdòdó lọ bá a létí òkun ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún. Bí ará Brazil bá wà láàárín èrò yín, ẹ fún un láyè, ẹ má lé e.

Àwọn kan nínú yín á ní Aro jìnnà jù. Ẹ wọkọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ kúrò, ẹ má sì sọ ìtàn ogun Dàhòmì títí ẹ ó fi débẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851 ni ọmọ ogun Ghezo, ọba Dàhòmì, kọlu odi ní ìhà Aro, àwọn obìnrin jagunjagun wà láàárín wọn. Ní 1849, àwọn aládùúgbò ti na àwọn onígbàgbọ́ ìlú yìí, wọ́n sì ti tì wọ́n mọ́lé nítorí ẹ̀sìn wọn. Àwọn onígbàgbọ́ yẹn náà ló gbé ìbọn, tí wọ́n dúró ti àwọn abọ̀rìṣà lórí odi lọ́jọ́ náà, títí Dàhòmì fi sá. Nígbà tí Dàhòmì padà wá ní 1864, wọ́n tún lé wọn. Ẹfúnróyè Tinúbú pèsè ohun ìjà fún ogun yẹn, Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde.