Egbò Orí Imú Tí Ó Ń Gbẹ, Tí Ó Sì Tún Ń Yọ

Okun o, ẹ̀yin ará ilé mi, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ wo ibi tí mo ń fi ìka tọ́ka sí yìí, ní ẹ̀gbẹ́ ihò imú, níbi tí imú ti so mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ àti ṣóńṣó imú wà lára ibi tí jẹjẹrẹ awọ ara ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn kì í sì í fura sí i.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: "Àrùn òyìnbó nìyẹn." Òótọ́ ni pé àwọ̀ dúdú wa ń dènà púpọ̀ nínú oró oòrùn, òun ni ó sì fà á tí àrùn yìí fi ṣọ̀wọ́n láàárín wa ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ṣùgbọ́n pé nǹkan ṣọ̀wọ́n kò sọ pé kò sí, àti pé nítorí tí a kò retí rẹ̀, ìgbà tí ó bá ti wọlé jinlẹ̀ ni a máa ń gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní ti àwọn àfín, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ pátápátá, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ó lè jẹ́ kókó kékeré tí ó ń dán, tí kò sì dun ènìyàn rárá. Lára aláwọ̀ dúdú, kókó yìí sábà máa ń dúdú, èyí tí ó ń mú kí a pè é ní irorẹ́ tàbí àmì ara lásán. Ó lè jẹ́ ojú kan tí ó rí ṣákiṣàki, tí ó ń pa èépá. Ó sì lè jẹ́ egbò tí etí rẹ̀ ga, tí àárín rẹ̀ jìn, tí ẹ̀jẹ̀ máa ń kán lára rẹ̀ bí ẹ bá ti fi aṣọ ìnura nu ojú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níhìn-ín, nítorí ibí gan-an ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í. Egbò náà yóò yọ, yóò ṣẹ̀jẹ̀, yóò sì gbẹ. Èépá rẹ̀ yóò já bọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí a bá ń bọ́jú, ibẹ̀ yóò máa dán, ẹni tí ó ni ín yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú kan náà ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀, olúwarẹ̀ yóò sì ní ọyẹ́ ni, tàbí ẹ̀fọn ni ó jẹ òun, tàbí pé òun ni òun fi èékánná họ ọ́. GBÍGBẸ KỌ́ NI JÍJINNÁ. Mo tún un sọ: gbígbẹ kọ́ ni jíjinná! Egbò tí ó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ lórí imú, tàbí tí ó gbẹ tí ó tún padà yọ sí ojú kan náà, ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìpara. Dókítà ni ó yẹ kí ó wò ó.

Ìpara ọ̀hún gan-an ni ó ń bí mi nínú. Ẹ ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì, wọn yóò sì fún yín ní tíúbù kékeré kan tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, tí sítẹ́rọ́ìdì sì wà lára wọn. Sítẹ́rọ́ìdì lè mú kí pípọ́n rẹ̀ rọlẹ̀ kí yíyún rẹ̀ sì dẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa ohun tí ó ń dàgbà lábẹ́ awọ. Oṣù ń gorí oṣù, ẹ̀yin ń ra tíúbù.

Iṣu ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ń ṣàlàyé èyí, bóyá nítorí pé ìdí ọjà iṣu ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tí ó bá ti bá ìyá mi bẹ iṣu rí mọ̀ pé ojú kékeré tí ó rọ̀ lára èèpo, tí kò tó orí ìka, lè ti jẹ ìdajì iṣu náà nínú, ẹ kò sì lè ti ìta mọ ibi tí ó jẹ ẹ́ dé. Ọ̀bẹ ni ẹ ó fi gé e. Bí ẹ bá ṣì rí dúdú lójú ibi tí ẹ gé, ẹ ó tún gé síwájú títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi funfun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe jẹjẹrẹ imú náà nìyẹn. Dókítà yóò kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kí ó má baà dùn yín, yóò gé bíńtín lára rẹ̀, wọn yóò sì fi máíkírósíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú lásán kò tó láti fi búra pé jẹjẹrẹ ni. Bí ó bá jẹ́ òun, wọn yóò gé e kúrò pẹ̀lú díẹ̀ lára awọ tí ó dára ní àyíká rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Frederic Mohs, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gé e ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gé òmíràn. Imú kò ní ẹran tí ènìyàn lè fi ṣòfò: awọ ni, egungun rírọ̀ ni, ojú sì wà nítòsí.

Oríṣi tí wọ́n ń pè ní basal cell kì í sábà rìn lọ sí ibòmíràn nínú ara, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ibi tí ó wà. Oríṣi mìíràn tí wọ́n ń pè ní squamous cell, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, lè rìn dé àwọn kókó inú ọrùn. Nítorí náà, ẹ má dúró de ìrora.

Ó wá kan àwọn àfín. Èròjà tí ń dáàbò bo awọ tiwa kò tó lára tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni jẹjẹrẹ yìí sì ń mú nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹni tí ó bá rán ọmọ tí ó jẹ́ àfín lọ kọ ebè ní ọ̀sán, tàbí tí ó jẹ́ kí ó máa patẹ ọjà ní ẹ̀gbẹ́ títì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ń ṣe é ní ibi, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ó dúró lábẹ́ òjìji nígbà tí àwọn yòókù bá tò lórí ìlà. Ẹ jọ̀wọ́!

Oòrùn aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ó le jù, ìkùukùu kì í sì í dá gbogbo oró rẹ̀ dúró. Fésíkáàpù tí àwọn ọlọ́kadà wa ń dé kò bo etí àti ọrùn, bí wọ́n bá sì ti yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn báyìí, imú ti wà níta gbangba nìyẹn. Akẹtẹ̀ àwọn baba wa dára jù ú lọ fíìfíì. Ní ti ìpara tí ń dènà oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára ń dá nǹkan bí 97 dúró nínú 100 ìtànṣán tí ń jó awọ, ṣùgbọ́n ẹ ní láti tún un pa ní wákàtí 2-2, nítorí òógùn ń fọ̀ ọ́ dànù. Ó wọ́n, mo mọ̀. Bí owó ìgò kan ṣoṣo ni ó bá wà nínú ilé, èrò tèmi ni pé ọmọ tí ó jẹ́ àfín ni ẹ rà á fún, kí àwa yòókù dé akẹtẹ̀. Ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ ihò imú àti orí etí, nítorí àwọn ibi tí ọwọ́ máa ń fò nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bóra, ẹ̀yin ni ẹ ń fi ọwọ́ ara yín bọ́ asà tí Ọlọ́run fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni ìpara mìíràn nínú àwọn tí ń bóra ní mẹ́kúrì nínú, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹ bá ti rí ojú kan tí kò yé yín, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lónìí nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, kí ẹ sì tún máa yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ibi kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá ti kọjá, ẹ gbé fọ́tò náà lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Bí wọn kò bá ní dókítà awọ ara, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Ẹ má fi pọ́dà bo egbò náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.