4,294,967,297: Nọ́ńbà tó já Fermat kulẹ̀

Ẹ wo ojú pátákó: 4,294,967,297. 2³² ni, a wá fi 1 lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ márùn-ún ni 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Ẹ yọ 1 kúrò lára ọ̀kan, ẹ fi èyí tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ dá 1 padà, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kò sóhun tó lè pín àwọn márùn-ún yìí láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Olóríkunkun ni mo ń pe irú wọn. (Àwọn ọ̀gá mi kò fẹ́ràn orúkọ náà. Kò kàn mí.)

Ní 1640, Fermat, amòfin ará Faransé, rí márùn-ún, ó sì gbà pé gbogbo ẹbí náà ló rí bẹ́ẹ̀. Márùn-ún péré! Irú Fermat ṣì pọ̀ láàárín wa: wọ́n á rí àpẹẹrẹ díẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, kéde pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni nọ́ńbà wa. Ìgbà tó yá ló ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ mi wà: ìrísí ohun tí à ń wá ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Ohunkóhun tó bá máa pín nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 64 tí a fi 1 kún. Ẹ kà á: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Ẹ gbọn àwọn tó ṣéé pín dànù, ó ku 193, 257, 449, 577 àti 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó bọ́ sí i. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 2, olóríkunkun 116 ni yóò dán wò, 641 ló máa kẹ́yìn, yóò sì máa yangàn pé kọ̀ǹpútà òun yá.

Mo fẹ́ bọ́ sórí 6,700,417 nígbà tí ìyá kan nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá wá olùpín títí tí a ò rí ńkọ́? Ṣé olóríkunkun náà nìyẹn?”

Rárá o, mà. Ní 1877, Pépin, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tí kò nílò olùpín rárá. Ẹ mú 3, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí èsì rẹ̀, títí di ìgbà 31; ẹ máa fi nọ́ńbà wa pín in lọ, àṣẹ́kù nìkan ni kí ẹ máa mú. Bí àṣẹ́kù ìkẹyìn bá fi 1 péré dín sí nọ́ńbà náà, olóríkunkun ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣéé pín, kò sí àríyànjiyàn. Irú ìdánwò yìí ni wọ́n fi mú 2¹⁰⁴⁸⁵⁷⁶ + 1 ní 1987, ọmọ ẹbí kan náà tó ní ẹyọ òǹkà 315,653. Ó ṣéé pín. Síbẹ̀, títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì rí olùpín rẹ̀ kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ló ṣiṣẹ́ náà, mo gbà, ṣùgbọ́n ìlànà Pépin ló tẹ̀ lé.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Ti Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì tó fi hàn ní 1796 pé rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan tó láti ya àwòrán onígun 17 (17 inú ẹbí wa yìí), wà nínú ìwé tí mo pín fún yín. Láti orí nọ́ńbà wa lọ sókè, a kò tíì rí olóríkunkun kankan nínú ẹbí náà. Ẹni tó bá ní kò lè sí mọ́, kó má ṣe bíi ti Fermat, kó mú ẹ̀rí wá.