Karl von Müller, ọ̀gá ọkọ̀ Emden: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èédú

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìjókòó o. Karl von Müller la fẹ́ sọ lónìí, kápítéènì ọmọ Jámánì tó da Òkun Íńdíà rú lọ́dún 1914 pẹ̀lú ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo. Mi ò ní pẹ́ lórí ta ló ń bá ta jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, Jámánì ló ń bá Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jà, ká wọnú ọ̀rọ̀.

Hannover ni wọ́n bí i sí ní 1873, ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1891. Wọ́n rán an lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nígbà tí Jámánì ṣì ń jọba níbẹ̀, ibẹ̀ ni ibà ti kọ́kọ́ gbé e dè, ibà yẹn ò sì fi í sílẹ̀ mọ́ láyé ẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ọ́fíìsì ní Berlin, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ìgbà tó di 1913 tí wọ́n fa Emden lé e lọ́wọ́ ní Tsingtao, létíkun Ṣáínà.

Ogun bẹ́ ní August 1914. Ọ̀gá wọn pátápátá, Admiral von Spee, kó àwọn ọkọ̀ ẹ̀ jọ sí erékùṣù Pagan, ó ní òun fẹ́ kó gbogbo wọn gba ọ̀nà South America lọ. Müller ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan dá lọ sí Òkun Íńdíà. Spee gbà, ó fún un ní Markomannia, ọkọ̀ tó ru èédú, ó ní ó dàbọ̀.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ibí yìí lẹ ti máa ń ṣì í, gbogbo ìgbà! Tí mo bá ti dárúkọ Emden, ìbọn lẹ máa ń bèèrè, pé mélòó ló gbé, báwo ló ṣe tóbi tó. Ìbọn mẹ́wàá ni, ẹnu ìbọn ò ju 10.5 sẹ̀ǹtímítà lọ, kékeré ni láàárín àwọn ọkọ̀ ogun ìgbà yẹn, ó tán. ÈÉDÚ ni kẹ́ ẹ bèèrè! Òun ni Emden ń jẹ bí mọ́tò ṣe ń jẹ epo, tí kò bá sí i, ọkọ̀ ò lè lọ. Ẹ wo dírẹ́bà tó ń wa tírélà láti Apapa lọ sí Kano, tó jẹ́ pé gbogbo ilé epo tó wà lójú ọ̀nà, ti ọ̀tá ẹ̀ ni, kò sí ọ̀kan tó lè yà sí, tí epo bá sì tán, ó parí fún un nìyẹn, kí ló máa ṣe? Á dá ọkọ̀ epo ọ̀tá dúró lọ́nà, á fa epo ẹ̀. Ohun tí Müller ń ṣe gan-an nìyẹn. Epo burúkú náà sì wà, àbí? Ó mú ọkọ̀ àwọn ará Gíríìsì kan, Pontoporos, èédú Íńdíà ló kún inú ẹ̀, èéfín dúdú kìjikìji ló máa ń rú, ọkọ̀ ogun tó ń sá pamọ́ kì í fẹ́ èéfín kankan tí wọ́n á ti ọ̀nà jíjìn rí. Ìgbà tó yá ló wá mú Buresk, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èédú Wales tó dáa jù láyé ló gbé, ó lé ní 6,000 tọ́ọ̀nù, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e lọ fún! Kò rì í o, ó fi àwọn èèyàn ẹ̀ sínú ẹ̀, ó ní ẹ máa tẹ̀ lé mi.

Ẹ sì má rò pé kíkó èédú yẹn rọrùn. Ọkọ̀ méjì á so mọ́ra wọn, ìgbì á máa gbá wọn lu ara wọn, àwọn ọmọkùnrin yẹn á máa fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú àpò nínú oòrùn yẹn, eruku dúdú nímú, nínú ojú, wọ́n á tún gbálẹ̀ gbogbo ọkọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kó tó tún di ọjọ́ míì.

Páìpù èéfín kẹrin ńkọ́? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yára. Mẹ́ta ni Emden ní, igbákejì ẹ̀ von Mücke dá a lábàá pé kí wọ́n fi aṣọ kánfáàsì ṣe ìkẹrin kó lè jọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Yarmouth. Òfin ogun ojú omi gba ìparadà. Ṣùgbọ́n kó tó yìnbọn, ó GBỌ́DỌ̀ ta àsíá Jámánì sókè, ó sì ń ta á, kódà ní Penang ní October 28, nígbà tó wọ èbúté lọ fi torpedo, ohun ìjà tó ń gba inú omi lọ bú gbàmù lára ọkọ̀, rì Zhemchug, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní olè torí ìparadà yẹn, ẹ jáwọ́ o!

Ọkọ̀ tó mú lé ní 20. Kó tó rì ọkọ̀ ọlọ́jà, á kọ́kọ́ kó gbogbo èèyàn inú ẹ̀ kúrò. Nígbà tó mú Kabinga, ìyàwó kápítéènì ibẹ̀ àtọmọ wọn wà nínú ẹ̀, ẹrù Amẹ́ríkà, tí kò tíì wọ ogun nígbà yẹn, ló sì gbé, Müller ò fọwọ́ kàn án, ó kó àwọn tó mú látinú ọkọ̀ yòókù sínú ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, tó sì jẹ́ pé ní September 22, ọkọ̀ kan náà ló dáná sun àwọn táǹkì epo ilé-iṣẹ́ Burmah Oil ní Madras, ní Íńdíà, lóru.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ti Diego Garcia, erékùṣù kan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú Òkun Íńdíà. October ni wọ́n débẹ̀, àwọn ará erékùṣù yẹn ò gbọ́ rárá pé ogun ń jà! Wọ́n kí àwọn ará Emden káàbọ̀, àwọn náà bá wọn tún ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò wọn tó bàjẹ́ ṣe, wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, wọ́n lọ.

November 9 ló wá dé. Müller lọ sí erékùṣù Cocos láti gé wáyà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ránṣẹ́, ó ní kí Mücke kó nǹkan bí 50 èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá fẹ́ wó òpó wáyálẹ̀ẹ̀sì, kí wọ́n jọ̀ọ́ má wó o sórí pápá tẹ́níìsì àwọn, wọ́n sì gbà! Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ti ránṣẹ́ síta ná pé ọkọ̀ àjèjì dé. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa: Müller ti fi wáyálẹ̀ẹ̀sì pe Buresk pé kó máa bọ̀ wá gbé èédú. Nígbà tí wọ́n rí èéfín lókèèrè, wọ́n rò pé BURESK LÓ Ń BỌ̀. Sydney ni, ọkọ̀ ogun Ọsirélíà, ìbọn ẹ̀ ju ti Emden lọ, ó sì yára jù ú lọ. Kò sí àyè láti dúró de àwọn tó wà lórí ilẹ̀. Emden ló kọ́kọ́ yìn, ó sì bà á, lẹ́yìn náà Sydney fà sẹ́yìn, ó wá fọ́ ọ yángá. Müller wa ọkọ̀ gun àpáta ní North Keeling kó má bàa rì mọ́ àwọn tó kù lórí. Ó lé ní 130 tó kú nínú Emden, mẹ́rin ní Sydney.

Gẹ̀ẹ́sì mú Müller ní ẹlẹ́wọ̀n ogun, wọ́n gbé e lọ sí Malta, lẹ́yìn náà England. September 1917, òun àtàwọn ọ́físà bí ogún gbẹ́ ihò lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sá kúrò ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Sutton Bonington, ọwọ́ tún tẹ̀ ẹ́. Ibà tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Holland ní 1918, ibẹ̀ ló ti padà sílé, wọ́n fún un ní Pour le Mérite, àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí Jámánì ń fún akọni ológun nígbà yẹn. Wọ́n ní kó kọ ìwé nípa Emden, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní á dà bí ẹni pé òun ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun pawó. Ẹni ọdún 49 ni nígbà tó kú ní Braunschweig, ní March 1923.