Sẹ̀gilọlá, Ìtàn Ìfẹ́, àti Àwọn tí À Ń Pè ní Ènìyàn Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá sọ ní Adó-Èkìtì nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà.

Bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o," àwọn tí ó jókòó yí i ká ni yóò dáhùn pé "Ààlọ̀." Ẹni tí kò gbọ́ ìpè kò lè jẹ́ ẹ, nítorí náà, àwùjọ àlọ́ kì í ju ibi tí ohùn ẹnìkan lè dé lọ. Èrò mi ni pé ìtàn ìfẹ́ tí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wà lára ohun tí ó kọ́ wa bí a ti ń jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí a kò ní fojú kàn láéláé, tí a sì ń ka gbogbo wọn sí ènìyàn wa.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé sẹ́yìn, "romanz" ni wọ́n ń pe èdè tí tọmọdé tàgbà ń sọ nínú ilé, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èdè Látìn tí àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé. Nígbà tí ó yá, orúkọ èdè náà di orúkọ irú ìtàn tí wọ́n ń fi í kọ, ìtàn ìfẹ́, ogun àti ìrìn-àjò bí irú èyí tí akéwì Faransé náà, Chrétien de Troyes, kọ. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ ti èdè abínibí kí ó tó di ti ìfẹ́. Nínú ìwé tí akéwì Wace fi èdè yìí kọ, tí ó parí ní 1155, ni a ti kọ́kọ́ rí tábìlì róbótó Ọba Arthur, ọba inú ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Bìrìtéènì, tí wọ́n ṣe ní róbótó kí ẹnikẹ́ni má baà jà pé ìjókòó òun ló yẹ kí ó ga jù. (Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ìjòyè wa ti ń du ipò kò ní béèrè ohun tí ó fa èyí.) Ní 1983, onímọ̀ kan, Benedict Anderson, ṣàlàyé pé ìwé ìtàn àròsọ àti ìwé ìròyìn ni ó jẹ́ kí àwọn tí kò mọ ara wọn rí lè máa rò pé inú ìgbà kan náà ni àwọn jọ ń gbé, àti pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni àwọn.

Ọ̀dọ̀ wa ni mo fẹ́ dúró sí. Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, ikú ń bọ̀, òun sì fẹ́ ròyìn ìgbésí ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Ó dárúkọ àdúgbò, ó kọ orin tí àwọn ará Èkó ń kọ nígbà èwe rẹ̀, ó sì ń bá olóòtú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930 kan náà ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ẹni tí ó bá mọ orin tí Sẹ̀gilọlá kọ yóò rántí ibi tí òun ti gbọ́ ọ, yóò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn tí kò sí nítòsí òun náà ń rántí lọ́wọ́. Ìrántí àjọní yìí ni ó sọ òǹkàwé di ará ilé kan. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tí kò dùn mọ́ mi nínú. Obìnrin tí ìtàn ti lé síta ni ó kó gbogbo wọn jọ: wọ́n sunkún fún un, wọ́n sì fi ohùn kan dá a lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí a pè ní tirẹ̀, ohùn ọkùnrin ni.

Kí ni èyí kan Èkìtì? Àwọn baba wa ti mọ ìjẹ́-ọ̀kan tí ogun ń fà. Èkìtìparapọ̀, àjọṣe àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó bá Ìbàdàn jà, ni ó pa ọmọ ìlú tí ó ní ọba tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ ìlú mìíràn lójú ogun Kírìjì títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, àwọn tí ó wà ní Èkó náà sì ní ẹgbẹ́ tí ó ń ti ìjà yẹn lẹ́yìn. Ìjẹ́-ọ̀kan inú ìwé yàtọ̀. Ọmọ Èkìtì tí ó ń pe ilé ní "ulé" nílé ìyá rẹ̀ ní láti kà á ní "ilé" kí ó tó lè bá àwọn tó kù kẹ́dùn. Ó jèrè gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Ó Le Kú, jáde ní 1974, ìtàn ìfẹ́ ti kúrò ní ti ìkìlọ̀. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn náà, ti ń wá ìyàwó, kì í ṣe lọ́dọ̀ alárinà. Ìbéèrè tí àwọn òbí wa ń kọ́kọ́ bi, "Ọmọ ta ni? Ọmọ ibo ni?", kò tíì kú, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ kàn ti ń dáhùn fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ka ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan nínú ti Sẹ̀gilọlá sétígbọ̀ọ́ wa, kí ó sì tún un sọ ní ohùn ìlú tirẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ parí.