Ẹ Béèrè Ìyá Ọmọ Kí Ẹ Tó Lọ Gbé E

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin òbí tí ẹ tẹ̀lé wọn wá, ẹ ṣeun. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìrìnàjò míṣọ́n sí ilé àwọn ọmọ òrukàn lókè òkun. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ lọ tọ́jú yẹn, ìyá wọn dà?

Ẹ jẹ́ ká mú Haiti, níbi tí àwọn ìjọ Amẹ́ríkà ti rọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọlọ́pàá fi dá bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ibodè Dominican, orílẹ̀-èdè tó bá Haiti pààlà. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà ló ń kó ọmọdé 33 kọjá, láìsí ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ọmọ òrukàn ni àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n bá òbí wọn láyé. Àwọn òbí kan ní abúlé Callebas sọ pé àwọn fúnra àwọn ló fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́, torí wọ́n ṣèlérí ilé ìwé tó dáa.

Ẹ má tíì bú àwọn òbí náà o. Mélòó nínú wa níbí ni wọn ò rán lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rí nítorí ilé ìwé? Ṣùgbọ́n ìyá wa mọ ọ̀nà ilé àǹtí. Ó lè gbé iṣu wá lọ́jọ́ ọdún, kó wo ẹ̀yìn ọrùn wa bóyá a ń wẹ̀.

Ìṣirò tí àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ń lò ni pé ọmọ bíi 30,000 ló wà nílé àwọn ọmọ òrukàn ní Haiti, àti pé bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ní òbí tó ṣì wà láyé. Ní Kàmbódíà, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, rí i pé iye irú ilé bẹ́ẹ̀ kúrò ní 154 lọ́dún 2005, ó di 269 lọ́dún 2010. Kì í ṣe ogun ló fà á. Àlejò ló ń pọ̀ sí i. Àlejò ló ń mú dọ́là wá, ọmọ ni àlejò sì wá wò. Ta ló fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì òun ṣófo?

Ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta á ti di mọ́ yín lẹ́sẹ̀, á nawọ́ sókè pé kí ẹ gbé òun. Inú yín á dùn. Ẹ bi àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn yìí: ọmọ ọdún mẹ́ta tó ní ìyá, bí àjèjì bá wọlé, ṣé kì í sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀? Èyí tó ń di mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, ebi ẹni tirẹ̀ ló ń pa á. Bí ẹ bá lọ tán, ìjọ mìíràn á dé, á tún nawọ́. Ní Bucharest, olú ìlú Romania, láti ọdún 2000, àwọn onímọ̀ tẹ̀lé ọmọ 136 láti irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ṣe dáadáa ju àwọn tó ṣẹ́kù lọ, ní ọpọlọ àti ní ìfọkàntánni.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣí Jákọ́bù 1:27. Ẹ tún un kà. Aláìní baba àti opó ló wà níbẹ̀ pa pọ̀. Opó yẹn, ìyá ọmọ náà ni! Àwa la fi í sílẹ̀ lábúlé, tá a gbé ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí òbí wọn kú lóòótọ́ ńkọ́?” Wọ́n wà. Ẹ kọ́kọ́ wá ìyá àgbà wọn. Bí kò bá sí, alágbàtọ́. Ilé ọmọ òrukàn kọ́ ló kàn: ní Haiti, IBESR ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún irú ilé wọ̀nyí níwèé àṣẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní in.

Màmá kan ní àwọn ti san owó bàálù. Mo ní kí àwọn nọ́ọ̀sì àti kápẹ́ńtà máa lọ, kí wọ́n bá àwọn àgbà ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí àwọn tó kù gba owó wọn padà, kí ìjọ ibẹ̀ fi san owó ilé ìwé, kí wọ́n sì fún àwọn ìyá lówó òwò. Màmá náà béèrè pé kí làwọn máa wá fi han ìjọ bí kò bá sí fọ́tò. Mo ní rìsíìtì owó ilé ìwé.